Ẹ Má Lé Ọmọ Padà Sílé

Mo ti ṣèlérí pé lónìí ni n ó ṣàlàyé ohun tó ń dín iye ọmọ tó ń wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù. A ó débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ìyá ẹlẹ́kọ kan lóhùn, tó pè wá láti Mọ́níyà. Ó ní ọmọ òun wẹ̀, ó wọ yunifọ́ọ̀mù, ó lọ. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tó fi padà dé tẹkúntẹkún: kò mú ìgbálẹ̀ wá, kò sì san owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ (PTA). Ló bá bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Títí dòní, ọjà ló ń lọ.

Ẹ̀yin tíṣà wa, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má lé ọmọ padà sílé mọ́. Bí owó bá kù, òbí ni kí ẹ ránṣẹ́ sí. Ọmọ ọdún 7, níbo ló ti fẹ́ rówó? Ìyá ẹlẹ́kọ, ẹ̀yin náà, ẹ wá ń jẹ́ kó máa gbé igbá ẹ̀kọ kiri! Ẹ fà á lọ́wọ́ padà sí ilé ìwé lọ́la.

Mo ń gbọ́ ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé tó ń kùn pé ìjọba kò fún yín lówó ṣọ́ọ̀kì. Ẹ jàre. Àmọ́ òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ọdún 2004 ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílé ìwé ìjọba. Ẹni tó bá gbowó lórí rẹ̀ lè san ìtanràn tó tó N10,000, ó lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù 3, ó sì lè jẹ méjèèjì pọ̀. Ìjọba ni kí ẹ bá fà á, ẹ má lé ọmọ padà sílé.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ á gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kan etí òsì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti tó wọlé. Ẹlòmíràn á tẹ orí kí ọwọ́ lè débẹ̀! Iye ọmọ ilé ìwé tí kò tó 500,000 lọ́dún tó ṣáájú fò kọjá 800,000. Wọ́n kọ́ ilé ìwé kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó tó dábùú ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé kúrò.

Ilé ìyàgbẹ́ tí kò nílẹ̀kùn ńkọ́? Òun náà ń lé ọmọbìnrin padà sílé. Ká tó kan títì márosẹ̀ tọ́mọ ń sọdá, ká tó kan tíṣà kan fún kíláàsì mẹ́ta, àsìkò ti lọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá dé ìpàdé PTA, kí ẹ tó dá owó kankan, ẹ ní kí wọ́n ṣí rẹ́jísítà, kí wọ́n ka orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n lé sílé ní táàmù yìí.