Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Barbara Jordan Dupò

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́ bá àwọn aṣojú wọ́ọ̀dù sọ



Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa dìde, ó sì wí pé ẹni tí ó bá ti du ìjókòó Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ó sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejèèjì, kí ẹgbẹ́ má ṣe fà á kalẹ̀ mọ́, nítorí pé àwọn ará ìlú ti sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn. Ọ̀pọ̀ yín pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò dá bàbá lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ àgbà kì í ṣe ohun tí à ń já gbà bí ọmọdé ti ń já àkàrà gbà. Mo lọ sílé, mo rò ó. Ìtàn obìnrin kan ni mo fẹ́ fi dá bàbá lóhùn lónìí, ọmọ ènìyàn dúdú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Barbara Jordan ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni a ti bí i ní ọdún 1936, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Fifth Ward. Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni baba rẹ̀, ó sì tún ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé ìkẹ́rùsí. Ọmọ náà kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní Boston, ó parí rẹ̀ ní 1959, ó padà sí ìlú rẹ̀, orí tábìlì ìjẹun àwọn òbí rẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́yà. Ní 1960, nígbà tí John Kennedy ń du ipò Ààrẹ, obìnrin yìí wà lára àwọn tí ó ń to àwọn ènìyàn dúdú Houston jọ, láti òpópónà dé òpópónà, kí wọ́n lè jáde dìbò. Kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́, nígbà náà, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jáde ní 1962 láti du ìjókòó kan ní Ilé Aṣojú-ṣòfin Texas. Ó fìdí rẹmi nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat, ẹni tí ó bá sì fìdí rẹmi níbẹ̀ ní Texas ayé ìgbà náà, tirẹ̀ ti parí. Ó tún jáde ní 1964. Wọ́n tún nà án.

Bí bàbá wa bá wà ní Houston ní ọdún náà, ìdájọ́ rẹ̀ ìbá ti tán: àwọn ará ìlú ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, àwọn ará ìlú wo?

Ní ìgbà náà, kì í ṣe àdúgbò ènìyàn nìkan ni ó ń dìbò fún un. Gbogbo ẹkùn Harris, èyí tí Houston wà nínú rẹ̀, ni ó ń dìbò sórí ìjókòó kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn inú ẹkùn náà sì lé ní 1,200,000 nínú ètò ìkànìyàn ọdún 1960. Fifth Ward ìbáà dìbò fún ọmọ wọn títí dé orí ẹni ìkẹyìn, ìbò wọn dà bí ìgò epo kan tí a dà sínú ọ̀sà.

Owó tún wà níbẹ̀. Láti 1902 ni òfin Texas ti ní kí ènìyàn san owó-orí kí ó tó lè dìbò, kí ó sì san án kí oṣù January tó parí, nígbà tí ìdìbò abẹ́lé kò sí títí di oṣù May. Ẹ wo ọgbọ́n ìkà! Kí alágbàfọ̀ yọ nínú owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀, kí ó fi san owó ìbò kan tí kò tíì dájú ẹni tí yóò jáde láti dù ú. Ní 1964, àtúnṣe sí òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà mú owó náà kúrò nínú ìbò ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n ti ìbò ìpínlẹ̀, èyí tí Barbara ń dù, 1966 ni ilé-ẹjọ́ tó pa á rẹ́.

Lẹ́yìn ìṣubú kejì, obìnrin náà rò ó bóyá kí òun kó kúrò ní Texas, kí òun lọ sí ibi tí wọn yóò ti dìbò fún ènìyàn dúdú. Ó dúró. Kò pẹ́ ni ilẹ̀ mọ́ láti ibi tí kò rò. Òfin ìpìlẹ̀ Texas ti wí tẹ́lẹ̀ pé ẹkùn kan kò gbọ́dọ̀ ní ju sẹ́nétọ̀ kan lọ nínú àwọn 31. Ẹkùn Harris, níbi tí ẹnìkan nínú ènìyàn mẹ́jọ ní Texas ń gbé, ní sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo, bí ẹkùn tí màlúù pọ̀ ju ènìyàn lọ náà ṣe lè dá ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀ díẹ̀ kí ó ní tirẹ̀. Ní oṣù June ọdún 1964, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ kan tí ó wá láti Alabama, ó sì pàṣẹ pé iye ènìyàn ni a gbọ́dọ̀ fi pín ìjókòó, ní ilé aṣòfin méjèèjì. Ní 1965, Texas tún ààlà pa. Agbègbè tuntun kan jáde tí Fifth Ward wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ Mẹ́síkò àti àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun.

Ní 1966, Barbara jáde fún ìgbà kẹta, ipò sẹ́nétọ̀ ni ó sì dù. Ọmọ Ilé Aṣojú-ṣòfin, aláwọ̀ funfun, ni alátakò rẹ̀. Ọkùnrin náà ń béèrè lọ́wọ́ àwọn olùdìbò bóyá aláwọ̀ funfun ṣì lè wọlé ní agbègbè náà. Obìnrin náà dáhùn pé rárá o, kì í ṣe lọ́tẹ̀ yìí. Ìbò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ọkùnrin náà. Láti 1883, ènìyàn dúdú kankan kò tíì jókòó ní ilé yẹn, obìnrin dúdú kò sì jókòó níbẹ̀ rí. Ọgbọ̀n ọkùnrin aláwọ̀ funfun ni ó bá níbẹ̀.

Obìnrin kan náà ni, ohùn kan náà ni, ẹgbẹ́ kan náà ni. Ààlà ni wọ́n yí padà, owó ìbò ni wọ́n mú kúrò lọ́nà. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé àbá lásán ni ìgbà méjì àkọ́kọ́. Nínú wọn ni ìlú ti mọ ojú rẹ̀, nínú wọn ni òun náà sì ti mọ ibi tí ìbò rẹ̀ ti ń wá.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Àwọn kan wà tí ó ń jáde ní gbogbo ọdún ìbò bí ẹni tí ó ń gbé agbádá kan náà lọ sí òde gbogbo, tí kò sí àdúgbò kan tí ó fẹ́ wọn, àní títí kan agbo ilé tiwọn. Àwọn yẹn, bàbá wa jàre lórí wọn.

Barbara ṣe sẹ́nétọ̀ dáadáa. Ó wà nídìí òfin owó-oṣù tó kéré jù lọ ní Texas. Ní ọjọ́ 10 oṣù June, 1972, wọ́n fi í ṣe gómìnà fún ọjọ́ kan, baba rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí ó rí i. Ọjọ́ náà gan-an ni àìsàn kọlu bàbá náà, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dìbò yan ọmọ rẹ̀ sí Ilé Aṣòfin àpapọ̀ ní Washington. Òun pẹ̀lú kú ní 1996.

Nítorí náà, kí a tó dìbò lórí àbá bàbá ní ìpàdé tí ń bọ̀, mo bẹ akọ̀wé wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan kí ó mú èsì ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan wá, ti ìdìbò méjèèjì, kì í ṣe àròpọ̀ nìkan. Kí ó kọ iye àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé tí wọn kò sì jáde, àti ohun tí ó dá wọn dúró. Bí ó bá hàn pé àwọn ará àdúgbò rẹ̀ gan-an ni ó kọ̀ ọ́, èmi fúnra mi ni n ó lọ bá a nílé. Ọjọ́ Sátidé ni mo ń retí àwọn ìwé náà.