Kábúrétọ̀ Ìjàpá àti Mánífóòlù Rẹ̀

Volkswagen Ìjàpá, ọkọ̀ tí kì í mu omi, tó gbé ẹ́ńjìnnì pọ̀n sẹ́yìn bí abiyamọ! Ẹ́ńjìnnì 1600 ti ọdún 1971 ń lo kábúrétọ̀ Solex 34 PICT-3. Ti 1970, 30 PICT-3. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé 30 lé mánífóòlù 34, kò ní jókòó, nítorí bóòtì méjèèjì tó yọ níbẹ̀ jìnnà síra ju ihò ìdí kábúrétọ̀ náà lọ. Àwọn kan a máa fi fáìlì ha ihò náà kó lè fẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: àdápítọ̀ wà fún un. Bí kábúrétọ̀ kò bá jókòó dáadáa, afẹ́fẹ́ tó bá gba abẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì wọlé yóò bomi la agbára epo, ẹ́ńjìnnì yóò sì gbóná. Láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹ fọ́n omi díẹ̀ sí ìdí kábúrétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ibẹ̀ ló ń jò.