Òṣìṣẹ́, Ilé Rẹ̀ àti Eré Ọ̀nà Jíjìn

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún ìjíròrò lónìí jẹ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sanwó oṣù fún láti sáré, síbẹ̀ tí wọ́n pinnu láti sá eré ọ̀nà jíjìn tí à ń pè ní márátọ́ọ̀nù. Òmíràn nínú wọn tilẹ̀ ń fi odò wíwẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ gígùn kún un, kí ó lè ṣe eré ìje oníṣẹ́ mẹ́ta tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní triathlon. Ìbéèrè tí a ó yẹ̀ wò ni èyí: níbo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ti rí àkókò, láti ọwọ́ ta ni yóò sì ti gbà á?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí eré náà jẹ́. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni márátọ́ọ̀nù. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá a ní ìwọ̀n yìí gan-an, níbi ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1908. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ó sì ti jẹ́ eré àwọn tí wọ́n ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Spiridon Louis, ará Gíríìsì tí ó gba ipò kìíní ní Athens ní ọdún 1896, iṣẹ́ omi gbígbé kiri ni ó ń ṣe. Abebe Bikila, tí ó borí gbogbo ayé ní ìlú Róòmù ní ọdún 1960 láìwọ bàtà, pẹ̀lú wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 16, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba Etiópíà ni. Arthur Lydiard ti ilẹ̀ New Zealand, ẹni tí ó kọ́ Peter Snell àti Murray Halberg tí wọ́n gba wúrà ní Róòmù yìí kan náà, ilé iṣẹ́ bàtà ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì tún ń pín wàrà kiri. Ara òun fúnra rẹ̀ ni ó fi dán ọ̀nà ìgbáradì rẹ̀ wò kí ó tó fi kọ́ ẹlòmíràn.

Eré oníṣẹ́ mẹ́ta náà kò yàtọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1978, ọkùnrin 15 ni wọ́n gbéra ní Hawaii láti wẹ òkun tó kìlómítà 3.8, kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 180, kí wọ́n sì wá sá odindi márátọ́ọ̀nù lé e. Àwọn 12 ni ó parí rẹ̀. Gordon Haller, tí ó ṣáájú wọn pẹ̀lú wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 46, ti ṣe iṣẹ́ awakọ̀ takisí rí. Nígbà tí eré náà wọ Òlíńpíìkì ní Sydney ní ọdún 2000, wọ́n ti dín in kù sí kìlómítà 1.5 nínú omi, 40 lórí kẹ̀kẹ́ àti 10 lórí ẹsẹ̀. Nítorí náà, kò sí ohun tí ó burú nínú kí òṣìṣẹ́ dáwọ́ lé irú eré báyìí. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni bí yóò ti ṣe é.

Ní orílẹ̀-èdè wa, ìdíje ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Láti ọdún 2013 ni eré kìlómítà 10 ti bẹ̀rẹ̀ ní Okpekpe, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, lórí ilẹ̀ olókè. Ní ọdún 2016 ni márátọ́ọ̀nù ìlú Èkó ti òde òní bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé ní àríwá Èkìtì lè wọ ọkọ̀ lọ sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ilẹ̀ tirẹ̀ pàápàá sì tó o kọ́ eré. Àwọn àgbà a máa sọ pé láti inú òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti wá, ẹni tí ó bá sì ti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí ó gba Ìfàkì lọ sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ́lé, tàbí èyí tí ó gba Ìdó kọjá, yóò gbà pé òkè àti ilẹ̀ kò jìnnà síra wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Kò ní orúkọ, nítorí pé irú rẹ̀ lè wà ní ìlú gbogbo. Ṣùgbọ́n kí a sọ pé Ẹ̀dá-Oníyọ̀ ni ó ń gbé. Wákàtí 168 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan, fún ọlọ́rọ̀ àti fún tálákà. Bí iṣẹ́ ilé ìwé bá gba 40, tí oorun wákàtí 7 lálaalẹ́ sì gba 49, ó ku 79. Iye yìí dà bí ẹni pé ó pọ̀. Ṣùgbọ́n oko wà níbẹ̀, ọjà wà níbẹ̀, àmúrelé ìwé àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ìpàdé ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a máa ń sìnkú, ọjọ́ náà ni a máa ń gbéyàwó. Ọjọ́ Àìkú jẹ́ ti ilé Olúwa fún onígbàgbọ́, bí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ti jẹ́ ti mùsùlùmí. Ẹni tí ó fẹ́ múra sílẹ̀ fún márátọ́ọ̀nù ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yóò wá wákàtí 5 sí 7 lọ́sẹ̀. Bí ó bá fi kẹ̀kẹ́ àti odò wíwẹ̀ kún un, ó lè di wákàtí 10.

Kò sí wákàtí kan nínú àwọn wọ̀nyí tí kò ní olówó. Bí baba bá jáde ní ìdájí, ẹnìkan ni yóò pọn omi, ẹnìkan ni yóò wẹ ọmọ, ẹnìkan ni yóò gbé ẹ̀kọ kaná. Bí olùkọ́ náà kò bá bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́, tí ó kàn ń wọ bàtà rẹ̀ jáde, òótọ́ ni pé òun ni ó ń sáré, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni ó ń san owó eré náà. Èyí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ tòní: àkókò ìgbáradì jẹ́ gbèsè tí à ń jẹ ará ilé, a sì gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀ kí a tó ná an, kí a sì máa san án padà. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó sáré ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹ kí ó gba iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Ọjọ́rú ṣe, kí olúwarẹ̀ náà lè sinmi.

Ọ̀rọ̀ yìí tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ó bá jẹ́ pé obìnrin ni ó fẹ́ sáré. Títí di ọdún 1984, tí Joan Benoit ti Amẹ́ríkà fi borí ní Los Angeles, kò sí márátọ́ọ̀nù fún obìnrin nínú Òlíńpíìkì rárá. Àwọn kan gbà pé ara obìnrin kò lè gbà á. Ayé ti mọ̀ nísinsìnyí pé ara wọn gbà á. Ohun tí kò tíì gbà á ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni ìdájí. Obìnrin ni ó ń kọ́kọ́ jí, òun ni ó sì ń sùn gbẹ̀yìn. Bí ọkọ bá lè bọ́ sọ́nà ní aago márùn-ún àbọ̀, tí aya kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀ ni ó dá a dúró. Ọkọ tí ó bá ń fẹ́ kí aya fi ara dà á fún òun, kí òun náà lè di àdó àti ìgbálẹ̀ mú ní ọjọ́ tí aya bá fẹ́ jáde.

Lẹ́yìn ilé, ara ni ẹni kejì tí a gbọ́dọ̀ bá dá májẹ̀mú. Ní ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀ nínú eré, ìwúwo tí ó ń bọ́ lé e lè tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìwúwo ara, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni èyí sì ń ṣẹlẹ̀ nínú eré kan ṣoṣo. Ọkàn àti èémí tètè ń mọ́ iṣẹ́ lára. Ṣùgbọ́n egungun, iṣan àti oríkèé kì í yára. Ìdí nìyí tí ẹni tuntun fi máa ń rò pé òun ti di akọni ní oṣù kejì, tí orúnkún sì ń dá a dúró ní oṣù kẹta. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ni ń tẹ̀ lé ni pé kí àfikún ọ̀sẹ̀ kan má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú lọ. Bí a bá sá kìlómítà 20 lọ́sẹ̀ yìí, kí ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ jẹ́ 22. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń fi wọgbà.

Fún olùkọ́ tí a fi ṣàpẹẹrẹ, ìjáde mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó. Kí mẹ́ta jẹ́ kúkúrú, tí kò ju ogójì ìṣẹ́jú sí wákàtí kan lọ, ní ìwọ̀n ìyára tí ó fi lè máa bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Kí ẹ̀kẹrin jẹ́ gígùn, ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó lè parí kí àwọn àlejò òde tó dé. Bí òkú tàbí ìgbéyàwó bá gba ọjọ́ náà, kí ó jẹ́ kí ó lọ. Kì í ṣe ọ̀ràn. Ohun tí kò dára ni kí ó fẹ́ fi ọjọ́ kejì san ti àná pẹ̀lú èlé. Ìjáde kan tí a pàdánù kì í ba ìgbáradì jẹ́. Ọjọ́ tí a fi agbára gbà padà ni ó máa ń gbé ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ti oúnjẹ, ará Èkìtì kò ní ìṣòro. Iṣu ni ó ń fún iṣan ní agbára tí ó ń lò nínú eré gígùn. Ṣùgbọ́n agbára tí ara lè tọ́jú pamọ́ kò pọ̀. Bí a bá ń sáré kíkankíkan, ó lè tán ní àyíká kìlómítà 30. Níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń wúwo bí ẹni pé a so òkúta mọ́ ọn. Nítorí náà ni a fi ń jẹ iyán ní alẹ́ àná, kì í ṣe ní àárọ̀ eré, tí a sì ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ohun dídùn díẹ̀ lójú ọ̀nà. Omi pẹ̀lú ní ìwọ̀n. Nínú àwọn sárésáré 488 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní márátọ́ọ̀nù Boston ní ọdún 2002, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù, omi àmujù sì wà lára ohun tí ó fà á. Òùngbẹ ni kí ó máa darí ẹni, kì í ṣe ìbẹ̀rù.

Àwọn ewu kan wà tí kò gba àwàdà. Ẹni tí ibà bá mú kò gbọ̀dọ̀ sáré títí yóò fi lọ. Àìsàn tí ń gbóná ara lè kan ọkàn, eré a sì sọ ọ́ di ikú òjijì. Ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹbí rẹ̀, kí ó rí dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní ojú ọ̀nà ọ̀dà, kí sárésáré wọ aṣọ funfun, kí ó sì máa sáré ní apá òsì, kí ojú rẹ̀ lè kò ọkọ̀ àti ọkadà tí ń bọ̀. Ní ti odò wíwẹ̀, suuru ṣe pàtàkì. Ìsédò Ìtapájì ní agbègbè Ìkọ́lé, nítorí omi mímu ni a ṣe é, kì í ṣe nítorí ìwẹ̀. Nínú omi tí kò ṣàn, ìgbín omi lè gbé kòkòrò tí ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò bá rí adágún ìwẹ̀ tí a tọ́jú, pẹ̀lú ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ, kí ó fi odò wíwẹ̀ sílẹ̀ ná, kí ó mú ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ dání.

Àwọn kan yóò bèèrè pé kí ni èrè gbogbo wàhálà yìí fún ẹni tí kò lè gba ẹ̀bùn. Ìbéèrè náà dára. Òbí wa tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rin lọ sí oko kò nílò ìwé ìgbáradì. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn tí ó ń jókòó sídìí tábìlì láti àárọ̀, tí ọkadà ń gbé lọ tí ó ń gbé bọ̀, ti pàdánù ohun tí oko ń fún baba rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Eré jẹ́ ọ̀nà kan láti gbà á padà. Kò sì pọn dandan kí ó dé kìlómítà 42. Ẹni tí ó bá ń sá 5 títí di ọjọ́ ogbó ti ṣe ju ẹni tí ó sá 42 lẹ́ẹ̀kan, tí ó fi orúnkún àti ìfẹ́ ilé rẹ̀ san án.

Asúrétete kò ní kọjá ilé, arìngbẹ̀rẹ̀ kò ní sùn sọ́nà. Ilé náà ni gbogbo eré ń padà sí, ó sì yẹ kí sárésáré bá a ní ìdúró nígbà tí ó bá dé. Ọ̀rọ̀ wá kàn yín o, ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí tábìlì ká àti ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá nílé: ní agbo ilé tiyín, ta ni ó ni ìdájí?