Ìbò Tí Ń Ti Ilẹ̀kùn àti Ìbò Tí Ń Ṣí I

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Gbogbogbòò Ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú wa)

   

Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ ní kí àwa olùkọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìdìbò nínú ètò ìlú, nítorí pé ìbò kan wà níwájú wa ní ọ̀sán òní. Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ ọ́n. Àbá tí ó wà lórí tábìlì Akọ̀wé ni pé kí àwọn àlejò tí ń gbé láàárín wa, tí wọ́n sì ń san owó ìdàgbàsókè ìlú, ní ẹ̀tọ́ láti dìbò lórí bí a ó ti ná owó náà. Àwọn kan fẹ́ ẹ, àwọn kan kọ̀ ọ́ pátápátá. A kò wá láti bá ẹnikẹ́ni jà. Ìtàn ni a fẹ́ sọ, lẹ́yìn náà ni a ó sọ ibi tí àwa dúró sí.

Kí a tó sọ ti ọ̀nà jíjìn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ti ilé. Ní ọdún tí ó kọjá, nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà, a ń jíròrò lórí àwọn àdúgbò tí a ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí. Ìyá kan tí ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ilé-ìwé wa dìde. Wọn kò bí i ní ìlú yìí, ṣùgbọ́n ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí ó ti ń gbé e. Àwa ni a kọ́ mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwé. Ó di rẹ́sìtì owó ìlú mú lọ́wọ́, ó sì ń béèrè bóyá kànga kan yóò kan àdúgbò tí òun ń gbé. Kò tí ì sọ ọ́ parí tí ẹnìkan fi kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Jókòó, ìyá àlejò! Ta ní bi ọ́?” Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà ká rẹ́sìtì rẹ̀ sí méjì, ó fi í sí etí aṣọ, ó jókòó. Àwa olùkọ́ wà ní ìlà kejì. A kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ wa ọjọ́ náà ń dùn wá títí di òní, òun ni ó sì mú wa dìde.

Ẹ jẹ́ kí a wá rántí ohun tí ojú àwọn baba wa rí. Ní oṣù kejì ọdún 1947, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan wá sí Èkó. Ivor Cummings ni orúkọ rẹ̀. Sàró ni baba rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe àkóso ilẹ̀ wa láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti bá a gba yàrá sílẹ̀ ní Hòtẹ́ẹ̀lì Bristol. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé ènìyàn dúdú ni, wọn kò jẹ́ kí ó wọ̀ ọ́. Ẹ rò ó wò: ilẹ̀ ènìyàn dúdú ni hòtẹ́ẹ̀lì náà wà, ènìyàn dúdú ni ń gbálẹ̀ rẹ̀ tí ó sì ń dáná nínú rẹ̀, síbẹ̀ ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀.

Ohun tí ó ṣe Cummings kì í ṣe tuntun. Ní ayé ìgbà náà, Òyìnbó ni a ya Ìkòyí sọ́tọ̀ fún. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé Èkó kò gbé e mì. Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọn kì í fojú rere wo ara wọn sì pa ohùn pọ̀, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn. Kí oṣù kẹta ọdún náà tó tán, Gómìnà Arthur Richards ti fi ìwé àṣẹ jáde pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin ní àwọn ibi tí gbogbo ènìyàn ń lọ. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún 1948, Cummings yìí kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán lọ sí èbúté Tilbury láti pàdé àwọn ará West Indies tí ọkọ̀ Empire Windrush gbé dé. Ẹni tí a kò gbà sílé ní Èkó ni ó lọ kí àlejò káàbọ̀ sí ìlú Òyìnbó.

Bristol kejì kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì, ìlú ni, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn tirẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ fi sọ́kàn jù lọ, nítorí pé inú ìpàdé ẹgbẹ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, inú ìpàdé ẹgbẹ́ ni ó sì parí sí. Ní ọdún 1955, ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí àwọn awakọ̀ àti kọ̀ndọ́kítọ̀ bọ́ọ̀sì ìlú náà wà nínú rẹ̀ fọwọ́ sí ìpinnu pé a kò gbọdọ̀ gba aláwọ̀ dúdú sí iṣẹ́ inú bọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ìjọba ni ó pa á láṣẹ fún wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ lásán ni, tálákà bí tiwa, tí owó oṣù wọn kéré, tí wọ́n sì ń bẹ̀rù pé bí àlejò bá wọlé, owó tí wọ́n ń rí nípa ṣíṣe iṣẹ́ kọjá wákàtí wọn yóò dín kù. Ẹ̀rù ni ó bí ìpinnu yẹn.

Ọdún mẹ́jọ kọjá. Ní ọdún 1963, àwọn ará Jàmáíkà mélòó kan ní ìlú náà, Roy Hackett àti Owen Henry wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò jìnnà sí ti ẹgbẹ́ wa yìí: Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè àwọn ará West Indies. Paul Stephenson, tí baba rẹ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá, dúró pẹ̀lú wọn. Stephenson bá Guy Bailey, ọmọ ọdún 18, wá àyè láti lọ béèrè iṣẹ́ kọ̀ndọ́kítọ̀. Iṣẹ́ wà nílẹ̀, ilé-iṣẹ́ ń wá ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ará West Indies ni ọmọ náà, ilẹ̀kùn tì. Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, ẹgbẹ́ náà ní kí ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yìí bá dùn má ṣe wọ bọ́ọ̀sì mọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn dúdú ti ṣe ní Montgomery ní Amẹ́ríkà ní 1955 sí 1956. Àwọn kan fẹsẹ̀ rìn, àwọn kan gun kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Òyìnbó, tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba ìgboro. Ó di nǹkan bí oṣù mẹ́rin kí ọ̀rọ̀ náà tó lójú. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, 500 òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì péjọ, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé kí ìyàsọ́tọ̀ náà dópin. Lọ́jọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní oṣù kẹsàn-án, Raghbir Singh, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe kọ̀ndọ́kítọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ìlú náà. Ní ọdún 1965, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin àkọ́kọ́ lòdì sí ẹ̀tanú àwọ̀ ní ibi tí gbogbo ènìyàn ń lọ, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ilé gbígbé kún un ní 1968.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ìbò ẹgbẹ́ ni ó ti ilẹ̀kùn náà ní 1955. Ìbò ẹgbẹ́ ni ó ṣí i ní 1963. Ìbò kò mọ rere, kò mọ búburú. Ọwọ́ tí ó mú un ni ó mọ̀ ọ́n.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá fẹ́ ni kí a ṣe, àbùṣe bùṣe.” Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, aṣojú dúdú kan, William Byron Rumford, gbé òfin kan kalẹ̀ ní 1963 tí ó ní kí onílé má ṣe kọ ayálégbé tàbí olùrajà nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1964, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú gbogbo olùdìbò ìpínlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Ènìyàn bí 65 nínú 100 ni ó dìbò pé kí onílé máa ṣe bí ó ti wù ú. Ìbò náà kò ní màgòmágó nínú, síbẹ̀ kò tọ́. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Kalifọ́níà fagi lé e ní 1966, ti gbogbo Amẹ́ríkà sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 1967, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Bí ó bá ku adájọ́ kan péré, ẹ̀gàn ì bá di òfin. Ìdí nìyí tí àwa fi ń sọ pé kí a má ṣe ka orí nìkan. Kí a wo ẹni tí ìbò náà yóò wó lé lórí, kí a sì bi í léèrè bóyá ó wà níbẹ̀ nígbà tí a dì í.

Nílé wa níhìn-ín, àwọn ìyá Ẹ̀gbá ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n ń san owó orí, wọn kò sì ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná an. Láti 1947 ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ti ń péjọ síwájú ààfin lórí ọ̀rọ̀ yìí, títí a fi fagi lé owó orí obìnrin, tí àwọn obìnrin sì jókòó nínú ìgbìmọ̀. Ohun tí wọ́n ń wí kò ju èyí lọ: ẹni tí owó rẹ̀ bá tó gbà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó gbọ́. Kò sí ẹni tí kì í yìn wọ́n nínú wa. Ṣé ẹni tí a yìn ní Abẹ́òkúta ni a ó wá ní kí ó jókòó níhìn-ín?

A mọ ohun tí àwọn tí kò fẹ́ àbá yìí ń wí. Wọ́n ní, “Onílẹ̀ a máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjèjì a máa tẹ̀ ẹ́ basubasu.” Òwe àgbà ni, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti tẹ ilẹ̀ yìí fún ọgbọ̀n ọdún, tí ó sin ọkọ rẹ̀ sínú rẹ̀, tí ó sì ń san owó ojú ọ̀nà tí a ń tẹ̀, ìgbà wo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò di jẹ́jẹ́? Wọ́n ní àlejò ní ìlú tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlú rẹ̀ ni ó ti ń pọn omi láràárọ̀. Wọ́n tún ní wọn óò gba ìlú mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ̀rù yìí náà ni ó ba àwọn òṣìṣẹ́ Bristol.

Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Nàìjíríà tí ó ní àṣẹ láti máa gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè forúkọ sílẹ̀ kí ó sì dìbò níbẹ̀, ti ìgbìmọ̀ àdúgbò àti ti ilé aṣòfin pẹ̀lú, nítorí pé ilẹ̀ wa wà nínú àjọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Kò dìgbà tí ó bá di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Àlejò ni wọ́n lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń dìbò. Ní ilé pàápàá, bí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá dé, ọmọ Nàìjíríà tí ó ti pé ọdún 18, tí ó sì forúkọ sílẹ̀ ní àdúgbò wa, ń tò pẹ̀lú wa lórí ìlà kan náà, ibi yòówù kí a ti bí i. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa ti 1999, ní ìpín 42, sì lòdì sí fífi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí ibi tí ó ti wá. Lóòótọ́, ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ìjọba. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìwà ẹgbẹ́ rẹlẹ̀ ju ti ìjọba lọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni àwa olùkọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí àgbà yòówù, ọkùnrin tàbí obìnrin, tí ó bá ti gbé ìlú yìí fún ọdún márùn-ún, tí ó sì san owó ìdàgbàsókè rẹ̀ pé, dìbò lórí bí a ó ti ná owó náà. Ọ̀rọ̀ oyè, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé àti ti orò ìlú kò sí nínú èyí. Ti onílùú ni, kò sì sí àlejò tí ó béèrè wọn. Èkejì, kí a máa fi ìwé dìbò sínú àpótí, nítorí pé ẹni tí ń yá ilé gbé yóò máa bẹ̀rù láti na ọwọ́ lójú onílé rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí Alága dá ẹnikẹ́ni tí ó bá tún sọ fún ẹni tí ó sanwó pé kí ó jókòó nítorí ibi tí a bí i sí lẹ́kun lójú gbogbo ènìyàn.

Àwọn baba wa ní, ẹni tí yóò mú igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Wọ́n ti fi gún wa rí, ní Èkó àti ní òkè òkun. A mọ bí ó ti ń dùn tó.

Ìyá ẹlẹ́kọ náà wà ní àárín wa lónìí. Ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó tún mú rẹ́sìtì tọdún yìí wá. Ní ọ̀sán òní, nígbà tí Akọ̀wé bá pe ìbò, kí olúkúlùkù wo ẹ̀bá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan kí ó tó dìbò rẹ̀.

Kí Ọlọ́run bùkún ìlú wa, kí ó sì mú àwọn tí ń bẹ lẹ́yìn odi padà wálé láyọ̀.