Eruku Òkúta àti Ẹ̀dọ̀fóró Àwọn Ọmọ Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún)

 Eruku ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ó ń jẹun nídìí òkúta fífọ́, a kò sì lè ní kí wọ́n jókòó sílé.

Eruku tí ó ń bo aṣọ kọ́ ni a bẹ̀rù jùlọ; imú àti ọ̀fun a máa mú un, a ó sì tu ú dànù. Èyí tí ojú kò rí, tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú fọ́nrán irun orí, ni í dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Sílíkà ni à ń pè é, ó sì wà nínú òkúta akọ àti yanrìn.

Ẹlẹ́dàá fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹ̀dọ̀fóró, tí í gbé kòkòrò àrùn mì, tí í sì í pa á. Bí ẹ̀ṣọ́ bá gbé sílíkà mì, kò ní dà. Àpò omi kíkan inú rẹ̀ a bẹ́, a ké gbàjarè, àwọn ẹ̀ṣọ́ mìíràn a sáré dé, ibẹ̀ a wú, a sì gbóná. Ní ọdún 2008 ni àwọn onímọ̀ fi bí igbe yìí ṣe ń bẹ̀rẹ̀ hàn. Ẹ̀ṣọ́ a kú, eruku a bọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà, òmíràn a tún gbé e mì. Ara a wá máa fi àpá di ọgbẹ́ náà, títí ẹ̀dọ̀fóró yóò fi le bí awọ gbígbẹ. Kò sí oògùn tí í mú àpá yìí kúrò. Ó sì lè máa gbilẹ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ó tún ń ṣílẹ̀kùn fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Àwọn kan a ní aráyé ni! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe fún dókítà, bí ó tilẹ̀ ti pé ogún ọdún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gé òkúta àtọwọ́dá ilé ìdáná lókè òkun, ọ̀rọ̀ yín náà nìyí: sílíkà inú rẹ̀ lè ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ. Ọsirélíà fòfin dè é láti ọjọ́ 1 oṣù Keje, 2024.

Omi ni í pa eruku. Ìdikù tí a fi ń bo imú kò ká a. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ra omi mímu ní kẹ́ẹ̀gì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì yóò bu ú sí òkúta. Nítorí náà ni a ṣe bẹ ẹgbẹ́ pé kí ó fi díẹ̀ nínú owó ọdún yìí ra tánkì àti páìpù sí ibi ìfọ́kúta, kí ọyẹ́ tó dé.