Ìwé Wo La Fẹ́ Kó Sínú Yàrá Ìkàwé Wa?

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwé fún ogún ìṣẹ́jú. Olùkọ́ ni mí, olùkọ́ kì í sì í mọ ogún ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n mo máa gbìyànjú.

Yàrá ìkàwé tí ẹgbẹ́ ń kọ́ ti dé orí òrùlé. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ohun tí a fẹ́ kó sínú rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, akọ̀wé ní kí n wá bá òun tú páálí ìwé mọ́kànlá tó ti òkè òkun dé. Mo jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìwé òfin owó orí ìlú òyìnbó wà níbẹ̀. Ìwé kọ̀ǹpútà tí wọ́n tẹ̀ ní 1998 wà níbẹ̀, mẹ́rin. Ìwé ọmọdé tó dáa náà wà níbẹ̀, n ò ní parọ́, ó tó páálí kan ààbọ̀. Ti Yorùbá ńkọ́? Ẹyọ kan kò sí. Ẹ̀yin tí ẹ fi wọ́n ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé owó kékeré kọ́ lẹ fi kó wọn wọ ọkọ̀ ojú omi. Owó yẹn gan-an ló ń dùn mí, torí ìwé tí a lè fi rà ní Ìbàdàn kì í ṣe díẹ̀.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún ni pé ká ra ìwé tí ọmọ máa ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí kò sí olùkọ́ nítòsí, tí ìdánwò kò sì sí níwájú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn kéékèèké, ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà. Ohun tí ọmọ yìí nílò jù ni orí itan yín. Ẹ wá ìwé tí àwòrán rẹ̀ tóbi, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, kí ẹ gbé ọmọ jókòó, kí ẹ máa kà á sókè. Àlọ́ Ìjàpá ló dáa jù lójú tèmi, torí wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i pé ohun tí ìyá àgbà ń sọ wà nínú ìwé, ẹ wo ojú wọn. Bí ọmọ bá sì ní kí ẹ ka ìwé kan náà fún òun lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ kà á.

Ọmọ ọdún méje sí mẹ́sàn-án, Aláwìíyé ni. Mo rí i pé ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún ti ń rẹ́rìn-ín. Ìwé J. F. Ọdúnjọ yẹn kò tíì di ìwé àtijọ́ lójú tèmi. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ọ̀rọ̀ tí ọmọ kọ́ lánàá tún máa ń padà wá lónìí, àmì ohùn sì wà lórí ọ̀rọ̀. Àmì ohùn yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí mo ní kó dìde kàwé. Wọ́n kàn fi àmì sábẹ́ ọ̀rọ̀ nínú ìwé ọ̀hún ni, wọn ò fi ohun kankan sórí rẹ̀: "Baba Olu ra ọkọ." Ọmọ náà kà á pé bàbá Olú ra ọkọ, bíi ọkọ ìyàwó. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn kò tún nawọ́ láti kàwé títí sáà fi parí. Àbí ọkọ̀ ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn? Àbí ọkọ́? Èmi olùkọ́ gan-an, àwòrán tó wà níbẹ̀ ni mo fi mọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó ìwé ọmọdé, ẹ ṣí àárín rẹ̀ wò. Bí kò bá ní àmì ohùn, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mẹ́tàlá, ibi tí èmi àti àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ti ń jiyàn nìyí. Wọ́n á ní ká fún wọn ní Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ìwé tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938 ni, n kò sì mọ ìwé tí mo fẹ́ràn tó o. Ṣùgbọ́n gbólóhùn inú rẹ̀ gùn, ọmọ tó bá dá kà á ní ìdákẹ́jẹ́ á sọnù sínú igbó kí ọdẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ rántí bí ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀: Àkàrà-oògùn wá bá ẹnì kan, ó ní kó mú ohun ìkọ̀wé, kó máa kọ ohun tí òun bá sọ. Ìtàn àfẹnusọ ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kà á sókè fún wọn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, kí ẹ dúró níbi tó ti dùn jù. Bí Fágúnwà bá sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù (olùkọ́ lòun náà, kò lè ṣàì wàásù), ẹ fò ó. Kò sí ọlọ́pàá tó máa mú yín.

Èyí tí wọ́n lè dá kà ni Ogún Ọmọdé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. N ò lòdì sí ti Gẹ̀ẹ́sì náà o. Chike and the River, tí Chinua Achebe kọ ní 1966, dáa gan-an: ọmọkùnrin kan tó ń wá owó ọkọ̀ tó máa fi sọdá odò Ọya láti Onitsha lọ sí Asaba. Ọmọ ìlú wa wo ni kò ní yé?

Ó ku àwọn ọ̀dọ́, níbi tí èmi fúnra mi ti ṣẹ̀. Ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo rí ọmọkùnrin kan tó fi ìwé pamọ́ sábẹ́ tábìlì nígbà tí mo ń kọ́ wọn ní gírámà. Mo gbà á, mo bú u dáadáa. Àjà Ló Lẹrù ni, ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, 1969. Lálẹ́, mo ṣí i kí n wo ohun tó ń ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ìgbà tí epo tán nínú àtùpà ni mo tó gbé e sílẹ̀. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ń lé àwọn ọ̀daràn kiri, àkànlò èdè tí mo ti ń fi ẹgba kọ́ wọn sì kún ẹnu àwọn tó wà nínú ìwé náà. Ní àárọ̀, mo dá ìwé padà fún ọmọ náà, mo bi í bóyá ó ní Àgbàlagbà Akàn, èyí tó tẹ̀ lé e. Ó rò pé mo ń dẹ pàkúté fún òun ni.

Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé ṣáájú tirẹ̀, mo ti gba ìwé lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan, mo sì fà á ya lójú gbogbo kíláàsì. N kò tilẹ̀ wo àkọlé rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn títí tó fi jáde, n kò rí ìwé mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìdánwò. Nítorí náà, bí ẹ bá bá Ó Le Kú lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹ jẹ́ kó kà á tán. Ìfẹ́ ló wà níbẹ̀, òótọ́ ni. Ìyà tí Àjàní fi wàhálà wíwá ìyàwó fà náà wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi pẹpẹ kan sílẹ̀ fún àgbàlagbà. Ìṣọ̀lá ti túmọ̀ Aké, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní 1981, sí Yorùbá. Ẹ̀yin ìyá wa, ìjà owó orí tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kàwé, kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló kù. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kó ìwé sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n tì í, kó má baà ya. Ẹ jẹ́ kó ya. A ó lẹ̀ ẹ́. Mo ti kọ orúkọ ogójì ìwé sílẹ̀, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi, ẹ mú ìwé kan níbẹ̀, kí ẹ fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ dípò páálí. Láti Sátidé àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣílé náà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, èmi ni n ó máa ka Ògbójú Ọdẹ sókè níbẹ̀. Kí àwọn ọmọ gbé ẹní dání o, àga wa kò tíì pé.