Ìsọjí Nígbà Ọ̀wọ́n: Ohun tí Ọdún 1918 àti 1930 Ń Sọ fún Mile 12

Mo mọ̀ pé ìdájí lọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọlọ́jà Mile 12 ti wà lẹ́nu ìṣòwò, tí tírélà Kánò àti Kàtsínà ń já ẹrù. N kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi pẹ́ jù.

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìsọjí ẹ̀mí nígbà tí nǹkan le. Nígbà tí nǹkan le gan-an ni ilẹ̀ Yorùbá ti ń rí i. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó, kò sì pẹ́ tó fi dé ìgbèríko. Oògùn òyìnbó kò ká a, àgbo kò ká a. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn díẹ̀ nínú ọmọ ìjọ Áńgílíkà bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ gbàdúrà. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni Joseph Ṣàdárè tó ń ṣáájú wọn. Sophia Ọdúnlámì, ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣe tíṣà, wà lára wọn. Bíṣọ́ọ̀bù kankan kò sí láàárín wọn. Àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ jẹun ni wọ́n.

Ọdún méjìlá lẹ́yìn ìyẹn ni ìsọjí Òkè-Oòyè bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà. Ọrọ̀ ajé ayé ti dàrú láti ìparí ọdún 1929, owó kòkó sì já wálẹ̀ lójijì. Àgbẹ̀ tó ti yáwó sílẹ̀ de ìkórè, kí ló fẹ́ fi san án, nígbà tí ajẹ́lẹ̀ tún ń béèrè owó orí? Àkókò yẹn ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá dé. Ọmọ Òdó-Ọwá ni, ẹ̀rọ katakata tí ń tẹ ọ̀nà ló ń wà fún ìjọba, kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1928, tó ní Ọlọ́run pe òun. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 1930, èrò ń wọ́ lọ sí Iléṣà láti ìlú dé ìlú, oníkálukú pẹ̀lú ìgò àti kẹ́tùrù omi lọ́wọ́ kí Babalọlá lè bá wọn gbàdúrà sí i.

Àwọn onímọ̀ kan á ní ìṣẹ́ ló kó wọn lọ. Mo gbà díẹ̀ nínú rẹ̀. Ebi lè gbé ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ebi kọ́ ni yóò sọ fún un pé kó kó oògùn tó fowó gidi rà jáde, kó dáná sun ún lójú gbogbo ayé. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Wọ́n jọ̀wọ́ ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, owó kòkó kò sì tíì padà bọ̀ sípò. Lọ́dún 1932 ìjọba tiẹ̀ sọ Babalọlá sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Ìsọjí náà kò tìtorí ìyẹn kú.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé ìsọjí tí a ń polówó káàkiri báyìí máa ń ṣèlérí ohun tí a óò gbà, kì í sọ ohun tí a óò jọ̀wọ́. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ ti fò sókè, ọjà sì ti wọ́n. N kò bú ẹni tó ń sáré àdúrà kiri. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí a óò jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká tú apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan wò. Tòkè pupa fòò, ó le koko. Ẹ kó ipele méjì kúrò, ẹ ó bá èyí tó ti fọ́, tó ń jomi, tí ìyá alágbàtà kò sì lè dá padà mọ́. Ẹ wo kọ́ńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Wòlíì Ámósì ti bá irú àwọn ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ wí ní orí kẹjọ ìwé rẹ̀: ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ń bínú sí, pé kó tètè parí kí wọ́n lè padà sídìí òṣùwọ̀n wọn. Oògùn ni wọ́n sun ní Iléṣà. Kọ́ńgò yẹn ni tiwa.

Ẹ má sì gbàgbé oṣù kẹta ọdún 2016, tí ìjà Yorùbá àti Hausa bẹ́ sílẹ̀ níbí, tí ẹ̀mí lọ, tí ilé jóná, tí ìjọba ti ọjà pa. Ṣọ́ọ̀ṣì kún àdúgbò nígbà náà, ó kún ún títí dòní. Ìsọjí tí kò bá kan bí a ṣe ń bá Málà alálùbọ́sà lò, ariwo lásán ni.

Ẹ̀yin pásítọ̀ Kẹtú, Ìkòsí àti Mile 12, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo mú wá. Ẹ yọ díẹ̀ nínú owó ọrẹ, ẹ pa á pọ̀, kí obìnrin tí ọjà rẹ̀ bá jẹrà lójú ọ̀nà lè rí owó yá láìsí èlé, ìbáà ṣe ọmọ ìjọ, ìbáà má ṣe ọmọ ìjọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí.